Okùn Iwájú Ilé Mi

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Kẹta

Ẹ̀rọ tó ń ṣe ọ̀nà ti dé ìpẹ̀kun àdúgbò wa. Mo lọ wò ó láàárọ̀, mo tún lọ wò ó lọ́sàn-án. Ó fẹ̀ ju ilé mi lọ. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin bí ẹranko, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì wọ bàtà irin bíi ti katapílà. Mo ti sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, pákó ni wọ́n máa ń tò sí etí ọ̀nà, wọ́n á da kọnkéré sáàárín, àwọn ọkùnrin á wá máa fa igi gígùn lórí rẹ̀ títí yóò fi tẹ́jú. Èyí kò fẹ́ pákó. Típà ń da kọnkéré síwájú rẹ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń yọ ọ̀nà jáde lẹ́yìn — ọ̀nà tó ti dúró fúnra rẹ̀, tí etí rẹ̀ gún bí ìgbà tí wọ́n gé ọṣẹ.

Ọkọ ọmọ mi, ẹni tó fẹ́ Àbígbẹ̀yìn, wà lára àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Mo ń pè é ní Kò-Séwu — inú ìwé yìí nìkan o — nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ sí ohun gbogbo nìyẹn. Mo ní òrùlé yàrá wọn ń jò, ó ní kò séwu. Mo ní bí ọ̀nà tuntun yìí bá ga ju ilé mi lọ, tí omi bá ń wọlé wá ńkọ́, ó ní kò séwu. Ọmọkùnrin tó lè máa wá bàtà tó wà ní ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lọ́dún tó kọjá, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà.

Àlejò dé lónìí, kò sì fẹ́ lọ. (Àlejò ni mo ń pe àníyàn mi. Ìyá, ìyàwó mi, ní kì í ṣe àlejò mọ́, ó ti di onílé, àwa la wá ń bá a gbé.)

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù Kẹta

Ẹnjinníà wá bá àwa ará àdúgbò sọ̀rọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Obìnrin ni, kò tó ọjọ́ orí àkọ́bí mi, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀. Okùn ló wá fi hàn wá. Okùn tín-ín-rín kan, wọ́n ta á le sórí àwọn irin tí wọ́n gún mọ́lẹ̀ létí ọ̀nà, lọ́tùn-ún àti lósì. Irin kọ̀ọ̀kan ní apá kékeré tó gbé okùn dání, nọ́ọ̀tì ló de apá náà mọ́ ọn. Ẹ̀rọ náà ní ìka irin tó ń fọwọ́ kan okùn bó ṣe ń lọ. Bí okùn bá gòkè, ọ̀nà á gòkè. Bó bá wálẹ̀, ọ̀nà á wálẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kò ríran, okùn ni ojú rẹ̀.

Mo bi í pé bí ẹnì kan bá kọsẹ̀ lára rẹ̀ ńkọ́. Ó ní kí ẹni náà ṣáà pariwo, wọ́n á wá tún un wọ̀n, kò sẹ́ni tí wọ́n máa bá wí.

"Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín," ó ní, "kí ẹ má dá a tún ṣe. Ojú lásán kò lè wọ̀n ọ́n."

Mo bi í pé bí ẹyẹ bá bà lé e ńkọ́. Bí atẹ́gùn bá fẹ́. Bí òòrùn bá mú un rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nígbà tó jẹ́ pé èmi ni ọ̀rọ̀ okùn ká lára jù, kí n bá àwọn máa kìlọ̀ fún àwọn ará àdúgbò. Kí ìpàdé tó tú, télọ̀ ti sọ mí ní Bàbá Olókùn.

Inú mi dùn. Kí n má purọ́ fún ìwé — inú mi dùn gan-an.

Kò-Séwu ló ń wọn okùn náà láràárọ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí inú mi dùn tán.

Ọjọ́rú, 7 oṣù Kẹta

Lé ewúrẹ́. Lé télọ̀. Lé obìnrin oníbúrẹ́dì tó fẹ́ sá ìnura lé okùn. Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ara mi yá.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Kẹta

Mi ò fẹ́ kọ ti òní. Jẹ́ kí n kọ ọ́.

Ní kùtùkùtù, Kò-Séwu wá wọn okùn iwájú ilé wa. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ń wò ó. Ó gbé ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀ ti irin kọ̀ọ̀kan, ó wò ó, ó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì, ó kọjá. Ó yá jù lójú mi. Ó kí mi, ó béèrè ara Ìyá. Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní kò séwu, Bàbá. Ó sáré gba iwájú lọ, wọ́n ń pè é pé típà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀yìn gbá okùn ní oríta.

Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin ń bọ̀. Mo ń gbọ́ ìró rẹ̀ nínú eyín mi. Àlejò ní kí n lọ tún un wò.

Mo lọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo di ojú kan, mo fi èkejì wo okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó tọ́. Ó tọ́ bí ìlà inú ìwé. Ó yẹ kí n padà sílé. Àlejò ní kí n wò ó láti òkèèrè díẹ̀. Mo wá ń fẹ̀yìn rìn, ojú mi ò kúrò lára okùn — gìgísẹ̀ mi bá kọ́ irin tó wà lẹ́yìn mi. Mi ò ṣubú. Mo di irin náà mú kí n má baà ṣubú, apá rẹ̀ yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, okùn bá a wálẹ̀.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Télọ̀ kọ ẹ̀yìn síta. Àwọn òṣìṣẹ́ wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Kí n pariwo, ó tán. Mo la ẹnu. Ẹ̀rín télọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú orí mi — Bàbá Olókùn ló tẹ okùn. Mo pa ẹnu mi dé. Mo gbé apá irin náà sókè, mo fi ojú wọ̀n ọ́n mọ́ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi ọwọ́ lásán dè é. Mo wọlé. Mo ti ilẹ̀kùn.

Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin kọjá kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Àwọn àwo ń gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ń yọjú lójú fèrèsé. Ìka irin náà ń rọra fọwọ́ ra okùn bọ̀. Ó dé ibi tèmi. Ó gbà á gbọ́ bó ṣe gba ìyókù gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Kẹta

Ọ̀nà náà lẹ́wà. Lánàá, wọ́n fa àpò tútù lé e lórí, ẹ̀rọ kékeré kan tẹ̀ lé e, ó fà á ní ìlà wẹ́wẹ́ bí irun tí wọ́n fi kóòmù yà, ó tún fọ́n omi funfun sí i kí òòrùn má baà yára gbẹ ẹ́. Láàárọ̀ yìí, àwọn aláyùn gé e ní ìbú-ìbú. Wọ́n ní bí àwọn ò bá gé e, yóò sán níbi tó bá wù ú.

Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, mo bẹ̀rẹ̀ títí àyà mi fi kan orúnkún, mo wo ibẹ̀ yẹn. Ó tẹ́jú. Mo dúpẹ́. Wọ́n ti tu irin àti okùn iwájú ilé wa, wọ́n ti kó wọn síwájú.

Ó ti tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 oṣù Kẹta

Ìyá ní mi ò yẹ ilẹ̀kùn wò kí n tó sùn. Mo ní mo gbàgbé. Ó wò mí. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra wa, mi ò gbàgbé ilẹ̀kùn rí.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹta

Òjò rọ̀ láàárọ̀. Nígbà tó dá, gbogbo ọ̀nà gbẹ, àyàfi ibì kan. Iwájú ilé mi. Omi dúró síbẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn gbé àwo ńlá kalẹ̀. Àdàbà kan ń mu ún.

Mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá omi náà dànù kí àwọn ará àdúgbò tó jáde. Òjò tún rọ̀. Mo tún mú ìgbálẹ̀. Obìnrin oníbúrẹ́dì kọjá, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá, ẹ̀yin náà ti gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ni.

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Kẹta

Fọ́ọ̀màn tó ń darí àwọn òṣìṣẹ́ àti Ẹnjinníà gbé irin gígùn kan wá, wọ́n tẹ́ ẹ lé ibẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn wọn. Ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ irin náà kọjá. Fọ́ọ̀màn ti ìka rẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀, kò tiẹ̀ ha.

Ó ní ta ló wọn ibí yìí. Kò-Séwu jáde síwájú, ó ní òun ni. Wọ́n ní kó ṣàlàyé bó ṣe wọ̀n ọ́n, ó ṣàlàyé. Wọ́n ní ṣé ó padà wá wò ó kí ẹ̀rọ tó dé, ó ní wọ́n pe òun sí oríta. Fọ́ọ̀màn ní ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn.

Ibẹ̀ ni télọ̀ ti yọ orí lójú ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ má bínú sí i, ọ̀gá. Bàbá ìyàwó rẹ̀ pàápàá sọ ọ́. Ó ní ó lè máa wá bàtà tó wà ní ẹsẹ̀ ara rẹ̀."

Fọ́ọ̀màn rẹ́rìn-ín. Gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ mi dùn lẹ́nu ẹlòmíràn.

Kò-Séwu wò mí. Kò bínú. Ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ohun tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀. Mo wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù Kẹta

Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nídìí okùn. Ó ń gbé àpò tútù lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó ń pọn omi. Fọ́ọ̀màn ti sọ pé wọ́n máa gé ibẹ̀ yẹn yọ, wọ́n á tún un dà, iṣẹ́ yóò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bà á jẹ́ bí ọ̀gá àgbà bá dé ní ìparí ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi ń jẹun nínú ilé yẹn. Oyún wà nínú Àbígbẹ̀yìn.

Ọjọ́rú, 14 oṣù Kẹta

Mo fẹ́ lọ sọ lónìí. Òjò rọ̀. Òjò náà kò pọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Kẹta

Àbígbẹ̀yìn wá. Ó jókòó sórí àpótí ní ilé ìdáná, ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ sókè kí n lè gbọ́. Ó ní ọkọ òun kì í sọ pé kò séwu mọ́. Ó máa ń jí lóru, á jókòó, á máa fi ọwọ́ wọn nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Ó ní ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bóyá òun ṣi ọ̀pá ìwọ̀n kà. Bóyá òun ò mọ irú ẹni tí òun jẹ́. Bóyá ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ ló rí bẹ́ẹ̀.

"Mo sọ fún un pé àwàdà lẹ ń ṣe," ó ní. "Àwàdà ni, àbí, Bàbá?"

Mo ní àwàdà ni.

Lẹ́yìn tó lọ, mo sọ fún Ìyá. Gbogbo rẹ̀. Mo rò pé yóò pariwo. Ó bi mí pé ṣé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo ní rárá. Ó nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ wọ aṣọ tó dáa lọ́la, kí ẹ lọ bá obìnrin yẹn."

Ì bá sàn kó lù mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù Kẹta

Mo lọ. Yàrá onírin kan ni ọ́fíìsì Ẹnjinníà, ó gbóná, àwòrán ọ̀nà bo ògiri rẹ̀. Ó fún mi ní àga, ó fún mi ní omi. Mo sọ ọ́. Bí mo ṣe wò ó, bí mo ṣe fẹ̀yìn rìn, bí apá irin ṣe yọ̀.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní kí ló dé tí mi ò pariwo lọ́jọ́ náà. Mo ní ojú ń tì mí. Ó ní èmi tí mo lé gbogbo àdúgbò kúrò lára okùn fún odidi ọjọ́ kan. Mo ní ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó rọra rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín fún ọmọdé tó ń purọ́ ohun rere.

"Bàbá, èmi náà ní bàbá nílé," ó ní. "Mo mọ bí àgbà ṣe ń bo ọmọ rẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti gbọ́."

Mo ní kò gbọ́. Mo ní kó wá kí n fi irin náà hàn án. Ó ní irin ti kúrò níbẹ̀, Bàbá, ta ló mọ èyí tó jẹ́. Ó dìde, ó mú mi dé ẹnu ọ̀nà, ó di ìgúnpá mi mú kí n má baà ṣubú ní àtẹ̀gùn. Ó ní òun máa bá ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀ nítorí tèmi. Kò wọ́pọ̀, ó ní, kí bàbá ìyàwó máa ṣe báyìí.

Mo fi òtítọ́ lọ, wọ́n fi ìyìn dá mi padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù Kẹta

Wọ́n ti dá Kò-Séwu padà sídìí okùn, pẹ̀lú ìkìlọ̀. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé mo lọ gba ẹ̀bi rẹ̀ rù. Télọ̀ gbé àga síta fún mi. Ó ní òun ò mọ̀ pé mo fẹ́ràn ọmọ náà tó báyìí. Ó ní irọ́ yẹn dùn, Bàbá, àgbà irọ́ ni. Mo ní kì í ṣe irọ́. Ó ṣẹ́jú sí mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n di í mú bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Kò-Séwu àti Àbígbẹ̀yìn wá dúpẹ́. Ó tẹ orí ba níwájú mi, kò sì gbé e sókè fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun ti rò pé mi ò ka òun kún. Ó ní bí òun bá tiẹ̀ ba iṣẹ́ jẹ́, òun ti mọ̀ báyìí pé òun ní bàbá.

Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Kò séwu."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 18 oṣù Kẹta

Ìyá kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó kúrò.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Kẹta

Wọ́n gé ibẹ̀ yọ. Ayùn ké láti àárọ̀, eruku funfun bo òdòdó Ìyá. Wọ́n fọ́ ọ, wọ́n kó o sínú típà. Ihò tó kù síwájú ilé wa dà bí ibi tí eyín ti yọ. Pákó ni wọ́n máa fi tún un dà, ọwọ́ ni wọ́n máa fi tẹ́ ẹ. Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin kì í padà sẹ́yìn fún ihò kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Kẹta

Mo rin lọ sí ibi tí okùn dé báyìí. Mi ò sún mọ́ ọn. Mo dúró lábẹ́ ìbòòji ní òdìkejì.

Kò-Séwu ń wọ̀n. Ó wọn irin kan, ó lọ sí èkejì, ó dúró. Ó padà sí ti àkọ́kọ́. Ó tún un wọ̀n. Ó lọ. Ó tún padà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ojú kan, ó fi èkejì wo okùn. Fọ́ọ̀màn ń pariwo mọ́ ọn pé ẹ̀rọ ń dúró dè é, pé níbi tí ẹ̀rọ bá ti dúró, àpá ni yóò fi sílẹ̀ lára kọnkéré. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó tún padà.

Mo mọ ìrìn yẹn. Iṣẹ́ tó fi ọwọ́ kan ṣe láìsí àṣìṣe, kò lè fi í sílẹ̀ mọ́. Mo ti máa ń sọ pé kò ka nǹkan sí. Mo wá rí i pé ara rẹ̀ balẹ̀ ni, ìyẹn nìkan ni, èmi tí ara mi kò balẹ̀ rí kò sì lè fara dà á. Mo ti gbé Àlejò lọ bá a nílé rẹ̀. Mo fọwọ́ ara mi ṣílẹ̀kùn fún un.

Ọjọ́rú, 21 oṣù Kẹta

Sìmẹ́ńtì kò dé, wọn ò ṣiṣẹ́ lónìí. Mo ránṣẹ́ pè é. Òun àti Àbígbẹ̀yìn. Mo ní kí Ìyá jókòó tì wá.

Mo sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti gbà mí sílẹ̀ ná, ó tó. Ẹ ò ní láti máa sọ ọ́ nílé." Mo ní kó pa ẹnu mọ́ kó gbọ́ mi, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé mo ní kó pa ẹnu mọ́. Mo sọ ibi tí mo dúró. Mo sọ pé ariwo wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì nítorí ẹ̀rín télọ̀. Mo ní ọwọ́ lásán ni mo fi de nọ́ọ̀tì. Mo sọ èyí tó le jù: pé kò sí ohun tó gbé mi débẹ̀ ju pé mi ò gbà pé ó lè ṣe é dáadáa. Mo lọ wá àṣìṣe rẹ̀. Kò sí. Mo wá fi tèmi síbẹ̀.

Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ó tọ́?" ó ní. "Okùn náà?"

"Ó tọ́."

"Kí ẹ tó kọlù ú?"

"Mo fi ojú ara mi rí i. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi nìkan ni mo rí i."

Àbígbẹ̀yìn dìde, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Mo ń gbọ́ ọ níbẹ̀, ó ń fọ aṣọ tí ìyá rẹ̀ ti fọ̀ lánàá, ó ń fọ̀ ọ́ bí ẹni ń jà. Kò tíì padà wọlé. Mi ò pè é.

Mo ní lọ́la, a jọ ń lọ bá Ẹnjinníà, Ìyá yóò tẹ̀ lé wa, Ìyá kì í purọ́ fún ẹnikẹ́ni, ojú rẹ̀ sì fi í hàn. Lẹ́yìn náà, mo máa dúró ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, mo máa sọ ọ́ níbi tí mo ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mo wọ̀n ọ́n dáadáa." Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó tún un sọ. Ó gbé orí ti ògiri, ó sì sùn lọ níbi tó jókòó sí, lójú ọ̀sán gangan, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ọmọdé.

Ìyá fi ìrọ̀rí sí i lọ́rùn. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá jí i, òun àti ẹni náà ni.

Òòrùn ti kúrò lójú fèrèsé, ó ṣì ń sùn. Mo jókòó tì í, mo ń fi ọwọ́ kan kọ èyí, mo ń fi èkejì lé eṣinṣin lójú rẹ̀. Kò tíì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi. Bó bá jí, yóò sọ ọ́. Mi ò ní kúrò níbí.